Ìwé Ìpolówó Tó Di Àwòrán Màmí Wata

Ọ̀pọ̀ wa, láti Tchetti títí dé Kútọnu, ló mọ àwòrán Màmí Wata: obìnrin onírun gígùn tí ejò wé mọ́ lára. Níbo ni àwòrán náà ti wá?

Ọ̀mọ̀wé Henry John Drewal, ará Amẹ́ríkà, tó bá ìyàwó rẹ̀ kọ ìwé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983, wà lára àwọn tó tọpasẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìpolówó eré sákọ́ọ̀sì ni. Ilé ìtẹ̀wé Friedländer ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ló tẹ̀ ẹ́ láàárín 1880 sí 1890, láti fi polówó obìnrin kan tí ń fi ejò dárà. Àwọn èèyàn gbé e dé etíkun wa. Ní 1901, wọ́n ti gbẹ́ ère bí i rẹ̀ ní Bonny, ní Nàìjíríà. Ní 1955, wọ́n tún tẹ ẹ̀dà 12,000 ní Bombay, ní Índíà, fún oníṣòwò kan ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà.

Ìwé tí a fi pe èèyàn síbi eré ti di ohun tí a ń bọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú ìwé náà, ta ni ì bá mọ ìtàn yìí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, bí ẹ bá rí ìwé ìpolówó tàbí kàlẹ́ńdà àtijọ́ nílé, ẹ má fi di àkàrà. Ẹ kọ ọdún rẹ̀ àti ibi tó ti wá sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.