Ìwọ̀n Mílíìkì Tí Ó Tó Ọmọ Jòjòló

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ mílíìkì ọmọ ni a gbé wá sí ojú ewé tí a ti máa ń sọ̀rọ̀ owó ìpín àti ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó gan-an ni ó gbé e wá.

Níbi ìpàdé wa kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọlọ́mọ wa, tí ó ń ta aṣọ ọmọdé, wá béèrè ẹ̀yáwó kékeré. Kò tí ì san ti àkọ́kọ́ tán. Àwa ìgbìmọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wa. Ẹnìkan tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé, "Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe aṣọ ẹbí ni o fẹ́ fi owó yìí rà?" Obìnrin náà kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin màmá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mílíìkì ọmọ ni. Agolo kan ni mo ń rà ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, apá mi kò sì ká a mọ́."

Màmá kan tí ó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà bi í pé, "Agolo wo? Ti 400 gíráàmù? Ọmọ oṣù mélòó?" Ó ní ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Ó ní omi ọmú òun ti gbẹ láti ìgbà tí òun ti padà sí ìsọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mílíìkì agolo yẹn nìkan ni ọmọ ń mu. Màmá ní, "Sọ ọmọ náà kalẹ̀ kí n rí i." Ọmọ ń sùn ní tirẹ̀. Kò sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín. Ìyá rẹ̀ sì ti ń dúpẹ́ pé ọmọ òun kì í yọ òun lẹ́nu!

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kílò mẹ́ta ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, agbára káká ni ó fi kọjá kílò mẹ́rin, nígbà tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ì bá ti lé ní márùn-ún. Kí ni ó fà á? Níbi tí agolo ti ní kí a bu ṣíbí márùn-ún, ṣíbí méjì ni ìyá rẹ̀ ń bù, kí agolo lè pẹ́.

Ojú tì wá. Aṣọ ẹbí ni àwa ń rò, ebi ni ó ń pa ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹni tí ó ń ṣe irú rẹ̀ láìmọ̀ lè mọ̀.

Gbogbo wa lọ́jà ni a mọ kóńgò tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tí ó bá fi wọn gàrí fún wa, a ó pariwo, a ó pe ìyálọ́jà. Mílíìkì tí omi ti pọ̀ jù, kóńgò tí a ti ìdí rẹ̀ wọnú ni. Ikùn ọmọ kún, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Oníbàárà tí a sì wọ̀n ọ́n fún kò tí ì lè sọ̀rọ̀.

Ọmú kò ní kóńgò

Kí á tó dé orí agolo, ẹ jẹ́ kí á sọ ti ọmú, nítorí òun ni oúnjẹ ọmọ. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé ń sọ ni pé kí á fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ògì. Lẹ́yìn náà kí á fi oúnjẹ mìíràn kún un, kí ọmọ sì máa mu ọmú títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ìwádìí ìlera ní ọdún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni ó ń mu ọmú nìkan.

Àwọn ìyá a máa ní, "Ọmú mi kò tó, nǹkan kò jáde." Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ, ikùn rẹ̀ kéré púpọ̀. Omi ọmú tí ó tó ṣíbí tíì kan, nǹkan bí 5 sí 7 ml, ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó ki, tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí àwọn kan máa ń fún dànù pé ó dọ̀tí, òun gan-an ni ó yẹ ọmọ. Ẹ má dà á nù.

Ọmú dà bí kànga. Bí a bá ṣe ń fà á tó ni ó ń sun tó. Ọmọ tuntun a máa mu ọmú ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàrin ọ̀sán àti òru. Ìyá tí ó bá ń fi mílíìkì agolo rọ́pò lójoojúmọ́, kànga rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, yóò sì rò pé Ọlọ́run ni kò fún òun ní omi ọmú. Ní ti omi mímu, kódà nígbà oòrùn, ọmú nìkan tó: apá tí ó pọ̀ jù nínú ọmú, omi ni.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó tó? Ẹ wo ìlédìí. Láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tí ó ń yó yóò tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Ọmọ tuntun a máa fọn díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí ó ti padà sí ìwọ̀n tí a bí i. Láti ìgbà náà títí di oṣù mẹ́ta, nǹkan bí 150 sí 200 gíráàmù ni ó yẹ kí ó máa fi kún un lọ́sẹ̀.

Ìṣirò ti agolo

Àwọn ìyá kan wà tí agolo ni yóò jẹ́ tiwọn, nítorí àìsàn, tàbí nítorí pé ọmọ náà kò ní ìyá mọ́. A kò bú wọn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni mílíìkì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ẹ mú ìwọ̀n ọmọ ní kílò, ẹ fi 150 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye ml tí ó bá jáde ni ọmọ máa ń mu ní ọ̀sán àti òru kan. Ọmọ kílò 4, 600 ml. Ọmọ kílò 5, 750 ml. Ọmọ kílò 6, 900 ml. Ẹ wá pín in sí iye ìgbà tí ó ń mu ún. Ọmọ kílò 4 tí ó ń mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ yóò gba 75 ml lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kílò 6 tí ó ń mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹfà yóò gba 150 ml. Ọmọ ọjọ́ díẹ̀ kò tí ì tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀ yóò máa gòkè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò pé oṣù rẹ̀ tàbí tí ó kéré jù, dókítà ni yóò sọ tirẹ̀.

Ìṣirò yìí kì í ṣe òfin. Ọmọ kan ń jẹ ju èkejì lọ, òní kì í sì í rí bí àná. Bí ọmọ bá ń ki ọwọ́ bọ ẹnu, tí ó ń yí orí wá ọmú, ebi ń bọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ó bá ké. Bí ó bá yí ojú kúrò, ó ti yó. Ẹ má rọ ìyókù sí i lẹ́nu nítorí pé owó ni ẹ fi rà á.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jẹ́ kí á ṣírò agolo náà. Ọ̀pọ̀ agolo ní ṣíbí kan sí omi 30 ml, ṣíbí kan sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù mẹ́rin àbọ̀. Ọmọ kílò 5 tí agolo nìkan ń bọ́ yóò gba ṣíbí 25 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí 112 gíráàmù. Agolo 400 gíráàmù kò lè pé ọjọ́ mẹ́rin. Láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, ó ju agolo mẹ́jọ lọ. Ìyá tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ kílò mẹ́rin ni tirẹ̀, agolo rẹ̀ kò yẹ kí ó ju ọjọ́ mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Ó ń lò ó fún mẹ́sàn-án. Ìdajì oúnjẹ ni ọmọ náà ń rí jẹ. Bí agolo tiyín náà bá ń pẹ́ jù, ẹ má yọ̀. Ẹ lọ wọn ọmọ.

Pípò rẹ̀

Ẹ kà á lára agolo, nítorí ṣíbí kò dọ́gba láti agolo kan sí èkejì. Ṣíbí inú agolo yẹn gan-an ni kí ẹ lò. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n sínú ife tàbí ìgò, kí ẹ tó bu mílíìkì sí i. Ẹ fi ọ̀bẹ tí ó mọ́ ré orí ṣíbí kí ó tẹ́jú. Kò sí ènì níbí. Omi tí ó pọ̀ jù ń fi ebi pa ọmọ, ó sì lè fa gìrì. Mílíìkì tí ó ki jù, tí àwọn kan ń pò kí ọmọ lè sùn mọ́jú, ń gbẹ omi ara ọmọ, ó sì ń ni kíndìnrín rẹ̀ lára.

Ẹ se omi kí ó hó, kí ẹ sì lò ó kí ó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tí ó ṣì gbóná tó láti pa kòkòrò inú mílíìkì. Ẹ wá fi ìgò náà sínú omi tútù kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín wò. Èyí tí ọmọ kò bá mu tán láàrin wákàtí méjì, ẹ dà á nù. Kò sí gbígbé e sínú báàgì dìrọ̀lẹ́. Ife kékeré dára ju fídà lọ, nítorí ó rọrùn láti fọ̀ mọ́.

Mílíìkì tí a fi ń mu tíì, ìbáà jẹ́ olómi, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ tàbí ẹlẹ́bú, kì í ṣe ti ọmọ jòjòló. Oyin pẹ̀lú, ó di ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, àpéjọ ìlera àgbáyé fi ìlànà lélẹ̀ pé kí á má polówó mílíìkì tí ó ń rọ́pò ọmú fún ará ìlú, kí á má sì fi ẹ̀bùn tàbí ẹ̀dínwó fa àwọn ìyá. Nàìjíríà náà gbé òfin tirẹ̀ jáde, Dikíríì 41 ti ọdún 1990. Nítorí náà, bí ìyá ọlọ́mọ bá dé ìsọ̀ yín, ẹ má sọ fún un pé ó dára ju ọmú lọ. Ẹ má tà á ní wíwọ̀n sínú ọ̀rá, ẹ má sì ta agolo tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá ọlọ́mọ ń bá ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ wọn wá. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tí kò lè gbé ọmọ wá lè fi ọwọ́ tí ó mọ́ fún omi ọmú sínú ife tí ó ní ìdérí. Níbi tí ó tutù, ó lè wà fún wákàtí mẹ́rin. Nínú ooru tiwa, kí wọ́n tètè fún ọmọ.

Bí ọmọ bá ń sùn jù, tí kò ní agbára láti mu ọmú, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn, ẹ má dúró wá owó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wàràwàrà.

Ìyá tí a ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? A fọwọ́ sí ẹ̀yáwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí a ti ń wọ̀n ọ́n, ó sì ní kí ó máa gbé ọmọ sí ọmú tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kànga tún bẹ̀rẹ̀ sí sun, agolo sì ń dínkù. Ọmọ náà ti ń sanra. Ó ti ń sunkún nísinsìnyí bí ebi bá ń pa á, inú wa sì dùn sí ẹkún náà.

Ẹ̀kọ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ni pé kí á kọ́kọ́ béèrè kí á tó fura. Ẹ̀kọ́ tiyín ni pé ẹni tí oúnjẹ ọmọ bá ti fẹ́ ga jù lọ, kí ó má tijú, kí ó má lọ fi omi lu mílíìkì. Kí ó wá bá ẹgbẹ́. Ohun tí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.