Ojú Tí Kò Pọ́n, Tí Kò sì Ro Ọmọ

Ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó lórí itan ìyá rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé orí ike kékeré kan, ó sì fi iwájú orí ti ọ̀já tó wà lára ẹ̀rọ. Dókítà pa iná yàrá. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú abẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọ ojú ọmọ náà. Ojú ọ̀hún mọ́, kò pọ́n, kò sí ipin níbẹ̀. Orúnkún ọmọ ló wú. Kí ló wá kan ojú?

Ó kàn án dáadáa. Nínú àìsàn oríkèé tó máa ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní JIA, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa gbèjà ara ló yíjú padà tí wọ́n ń bá a jà. Ibi tí wọ́n ti ń bá orúnkún jà, wọ́n lè wọ inú ojú pẹ̀lú. Uveitis ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí ọmọ kan tàbí méjì nínú 10 tó ní JIA ló máa ń mú, pàápàá àwọn tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní kékeré, tó jẹ́ oríkèé díẹ̀ ló wú.

Ápólò kì í fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. (Orúkọ yẹn ti wà láti 1969, nígbà tí ojú pípọ́n gbòde ní Ghana lásìkò tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá.) Ojú á pọ́n, ipin á lẹ ìpéǹpéjú pọ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Uveitis ti JIA ní tirẹ̀, olè tó bọ́ bàtà ni. Bí ojú kan bá ń ṣú, ọmọ á máa fi èkejì ríran, kò sì ní sọ fún ẹnì kankan, torí kò mọ̀ pé ayé yẹ kó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, slit lamp, èyí tí Allvar Gullstrand ará Sweden gbé jáde ní 1911, ọdún kan náà tó gba ẹ̀bùn Nobel. Omi tó wà níwájú ọmọlójú yẹ kó mọ́ gaara. Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, dókítà á rí eruku wínníwínní tó ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ náà, bí ìgbà tí oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọ yàrá tí wọ́n ń gbá lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni eruku ọ̀hún. Ṣe ni dókítà máa ń kà á.

Bí wọn ò bá tètè rí i, awọ tó yí ọmọlójú ká á lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọlójú ò ní rí roboto mọ́. Ilà funfun bí ẹfun á dábùú iwájú ojú. Cataract lè tẹ̀ lé e, tàbí glaucoma. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń kán sójú gan-an, bó bá pẹ́ jù, ó lè fa àwọn méjèèjì yìí. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n tètè bọ́ sórí oògùn methotrexate, tí inú ọ̀pọ̀ ọmọ kì í gbà. Ní 2017, ìwádìí SYCAMORE ní Britain jáde, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 90 tó ti ń lo methotrexate. Nínú 60 tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ adalimumab kún tiwọn, 16 ni ìtọ́jú ò ràn. Nínú 30 tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, 18 ni.

Pípe ọmọ padà ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìlànà Britain ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n bá ti darí ọmọ wá, lẹ́yìn náà ní oṣù méjì-méjì fún oṣù mẹ́fà, kó tó wá di oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, fún ọdún púpọ̀. Oríkèé lè ti rọlẹ̀ pátápátá, kí ọmọ máa sáré kiri, kí ojú ṣì máa jà. Òbí tó ti gba àyè níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, tí wọ́n ń sọ fún un nígbà gbogbo pé kò sí nǹkan kan, ó máa ń ṣòro fún un láti wá lẹ́ẹ̀karùn-ún.

Dókítà tan iná. Kò rí eruku kankan lónìí. Ọmọ gba sítíkà, ìyá gba ìwé: oṣù méjì sí i.