Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ctrl+W Tó Ń Pa Ohun Tí A Kò Ní Kó Pa

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́ Cantonment, Ìbà àti Okokomaiko tí ọ́fíìsì yín wà ní Víkítóríà Áílàǹdì, ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Badagry dáadáa. Abájọ tí àwọn kan fi ń jókòó sílé, tí wọ́n ń ti inú Chrome darí kọ̀ǹpútà ibiṣẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ rèé: ẹ tẹ Ctrl+W kí ẹ lè pa fáìlì kan dé lọ́hùn-ún, Chrome iwájú yín ló gbọ́ ọ, gbogbo ojú ewé náà bá pa dé. Chrome kì í jẹ́ kí ìkànnì lásán gba Ctrl+W, Ctrl+T tàbí Ctrl+N lọ́wọ́ òun, kí ẹlẹ́tàn má baà há yín mọ́. (Lójú tèmi, ó dáa bẹ́ẹ̀.) Iṣẹ́ yín ṣì wà lọ́hùn-ún o; ẹ tún wọlé ni.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ jẹ́ kí ojú ewé náà gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Láti orí Chrome 68, lọ́dún 2018, ìkànnì tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba bọ́tìnnì wọ̀nyí nígbà náà. Tí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ di Esc mú fún ìgbà díẹ̀.

Ctrl+Alt+Del ńkọ́? Windows tiyín ló máa ń gbà á. Nínú Remote Desktop ti Windows, Ctrl+Alt+End ni kí ẹ tẹ̀.