Ṣé o mọ̀? Ohun tí ìtọ̀ mọ̀ kí dókítà tó mọ̀

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ̀ lè tú àṣírí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ní ọdún 9 ṣáájú? Lọ́dún 1967, Hubert Humphrey, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà wo sẹ́ẹ̀lì inú ìtọ̀ rẹ̀, ẹnu wọn ò kò. Ó di 1976 kí wọ́n tó rí jẹjẹrẹ náà gbangba. Nígbà tí 1978 wọlé, ó kú. Ní 1994, àwọn olùwádìí Johns Hopkins ní Baltimore gbé sẹ́ẹ̀lì ọdún 1967 tó wà nípamọ́ jáde. Àléébù tó wà nínú jíìnì p53 jẹjẹrẹ tó pa á ni wọ́n bá níbẹ̀ gẹ́lẹ́!

Iṣẹ́ p53 ni pé bí sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́, kó dá a dúró kó má pín sí méjì títí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tí kò bá ṣe é tún ṣe, á ní kó kú. Bí p53 fúnra rẹ̀ bá wá bàjẹ́, ta ni yóò dá sẹ́ẹ̀lì dúró? Nígbà tí wọ́n rí p53 ní 1979, àṣìṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n rò pé òun gan-an ló ń fa jẹjẹrẹ. Ní 1991, nínú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ 18 tí wọ́n yẹ̀ wò, 11 ni p53 wọn ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Parakou dáadáa, nítorí aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, wà ní àwọn odò ìhà ọ̀dọ̀ wa. Inú ìṣáwùrú kékeré ni aràn náà ti ń jáde sómi, á gba awọ ara ọmọ tó ń wẹ̀ wọlé. Ẹyin rẹ̀ ní ẹ̀gún ṣóńṣó lórí kan. Tó bá há sí àpò ìtọ̀, ojú ibẹ̀ a máa gbọgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ti ka aràn yìí mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ní 1994 kan náà.

Ṣé o tún mọ̀ pé ẹyin yìí ní àkókò? Láàárín agogo 10 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán ló ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀, ìgbà náà ló dára jù láti gbà á fún àyẹ̀wò. Oògùn àtọ̀sí ajá ni praziquantel. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ nílé ìwé ló ń sọ iye tí yóò lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọmọkùnrin tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ń dàgbà ni. Àgbàlagbà tó bá ń tọ̀ ọ́, kó má dúró dìgbà tí yóò dùn ún: kó lọ sí ilé ìwòsàn CHUD ní Parakou, kí wọ́n yẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀ wò.