Ohun Tí Ó Pamọ́ Sábẹ́ Ìbínú: Àyẹ̀wò Láti Inú Èdè àti Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Nínú gbólóhùn bí i "inú bí Àjàyí", inú ni olùwà. Àjàyí fúnra rẹ̀, tí ariwo rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò kan, wà ní ipò àbọ̀. Ìhun kan náà ni Yorùbá ń lò fún ìtìjú àti ìbẹ̀rù: "ojú ti Àjàyí", "ẹ̀rù ba Àjàyí". Èdè ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ohun tí ó ń dé bá ènìyàn, ó sì tò wọ́n bí ọmọ ìyá kan náà.

Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ìbínú ni ó máa ń yọjú jùlọ nínú wọn nítorí pé òun ni àwùjọ fi àyè gbà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọmọkùnrin pé ọkùnrin kì í sunkún. Ẹni tí kò lè sunkún, tí kò sì lè sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ìbínú ni yóò máa fi sọ ohun gbogbo. Òótọ́ ni pé ìbínú kan wà tí kò fi ohunkóhun pamọ́: ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Nínú eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó jáde ní 1970, Ìyálóde Ìbàdàn ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, ikú ni èrè rẹ̀. Eré ni Ìṣọ̀lá kọ, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn náà sọ nípa Ìyálóde gidi, tí wọ́n pa ní 1874, pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó ní kú lórí ìkúnlẹ̀. Bí a bá ka òfin náà pẹ̀lú ìtàn yìí lọ́kàn, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà. Oyún ẹrúbìnrin ń rán olówó rẹ̀ létí ohun tí owó kò lè rà. Idà ni àwọn ará ilé rí. Ọ̀fọ̀ ni ó gbé e dání. Èyí kò dá Ìyálóde láre o, nítorí orí Adétutù kò padà sọ́rùn.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ní kí ọmọ kan dìde kàwé. Ó ju ìwé sílẹ̀, ó sì bú ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ẹgba ni ìdáhùn ọ̀pọ̀ olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ náà kò lè ka ìlà àkọ́kọ́. Ojú ni ó ń tì í. Ẹgba níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìtìjú kún ìtìjú, ìbínú ọ̀la yóò sì ju ti òní lọ. Ó sàn kí olùkọ́ dúró títí àwọn yòókù yóò fi lọ, kí ó má bi í pé "Kí ló dé tí o fi ń bínú?", bí kò ṣe "Ibo ni ó ti le fún ọ?" Ọmọ náà lè má dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lè di ọjọ́ kẹta kí ó tó ṣí ìwé náà, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀.