Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun: níbi tí oko etílé ìlú méjì ti pàdé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun tún gbiná, ó kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn tó jọ ń ná ọjà kan náà láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ara wọn. Èyí tó gba ọkàn mi ni ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú gbogbo ìròyìn nípa ìjà náà tí ẹnikẹ́ni kò dúró ṣàlàyé: ààlà. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù ní Èkó yóò rò pé ìlà kan wà nílẹ̀ níbì kan, tí apá kan jẹ́ ti Ìlobùú, tí apá kejì jẹ́ ti Ifọ́n, tí ẹnì kan sì rékọjá rẹ̀. Ààlà tí àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí à ń wí. Ifọ́n yìí yàtọ̀ sí Ifọ́n ìpínlẹ̀ Òǹdó. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òròlú, Olúfọ́n ni ọba rẹ̀. Ìlobùú, ìlú Olóbùú, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ó wà lẹ́bàá odò Erinlẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú iṣu ni, ìlú àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ àti epo pupa. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, 119,497 ènìyàn ni wọ́n kà ní Ìrẹ́pọ̀dùn, 103,077 ni wọ́n kà ní Òròlú. Ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi 144 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ẹ pín in wò: ó lé ní 1,500 ènìyàn lórí kìlómítà kan níbùú lóròó.

Ẹni tó bá mọ ìwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ kárí ayé yóò rántí erékùṣù Java ní Indonesia. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ sọ nípa àgbẹ̀ tó pọ̀ lórí ilẹ̀ tó kéré. Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé ènìyàn tó lé ní 151 mílíọ̀nù ló ń gbé Java, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 1,170 lórí kìlómítà kan. Clifford Geertz, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé tó lókìkí nípa rẹ̀ ní 1963, ó ní ńṣe ni àwọn àgbẹ̀ Java ń fi ọwọ́ púpọ̀ sí i ro oko ìrẹsì kan náà, tí wọ́n sì ń pín ìwọ̀nba tó bá jáde láàárín ara wọn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti ta ko apá púpọ̀ nínú àlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé ilẹ̀ há níbẹ̀. Ilẹ̀ Ìlobùú àti Ifọ́n há jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi nọ́ńbà wò ó, síbẹ̀ a kò sábà rò ó bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlú ni a máa ń rí, a kì í rí oko tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Abúlé Java dúró sí àárín oko rẹ̀. Ilé wà láàárín igi àgbọn àti igi eléso, ìrẹsì yí i ká, ẹni tó bá jáde lẹ́nu ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ti Yorùbá yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn, kọ̀wé nípa ìlú ńláńlá wa ní 1955, kókó tó tẹnu mọ́ ni pé àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú wọ̀nyí. Àgbẹ̀ ní ilé nílùú, nínú agboolé bàbá rẹ̀, ó sì ní abà lóko. Oko pàápàá pín sí ọ̀nà méjì. Oko etílé ni èyí tó sún mọ́ ìlú, tí èèyàn lè lọ láàárọ̀ kó sì darí wálé lálẹ́. Oko ẹgàn jìnnà, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí fún oṣù mélòó kan, nínú ahéré tó bá yá di abà.

Bí abà ṣe ń dàgbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á kọ́ ahéré sóko. Àwọn ọmọ rẹ̀ á kọ́ tiwọn tì í. Àlejò á dé láti ìlú mìíràn, yóò tọrọ ilẹ̀, wọn á fún un. Láìpẹ́ ibẹ̀ á di abà tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n abà kì í di ìlú nínú ọkàn àwọn tó wà níbẹ̀. Nílùú ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, nílùú ni wọ́n ti ń ṣọdún, ilé bàbá wọn nílùú ni wọ́n ti ń sin òkú wọn. Ohun tó so abà mọ́ ìlú ni ẹbí. Ibi tí agboolé ẹni tó dá a sílẹ̀ bá wà, ibẹ̀ ni abà náà ń lọ.

Nítorí náà, abà ìlú méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kódà kí abà ìlú kìíní wà lẹ́yìn abà ìlú kejì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìlà kan ṣoṣo pín wọn yóò gé ẹbí sí méjì. Ilẹ̀ oko láàárín ìlú méjì Yorùbá dà bí aṣọ tí wọ́n fi ègé oríṣiríṣi rán: ẹbí ló ni ègé kọ̀ọ̀kan, ìránpọ̀ wọn ni à ń pè ní ààlà. Odò kékeré ni ní ibì kan, ọ̀nà oko ni ní ibòmíràn, àpáta tàbí igi ìrókò ni níbi tó kù. Níbi tí kò bá sí ìkankan nínú wọn, wọn á gbin pèrègún. Ó nídìí tí wọ́n fi yàn án. Bí o bá gé ẹ̀ka pèrègún tí o sì ri í mọ́lẹ̀, yóò ta gbòǹgbò, ewé rẹ̀ kì í sì í wọ́ dànù lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀, kódà bí gbogbo igbó tó yí i ká bá ti gbẹ. Síbẹ̀, pèrègún kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ẹni tí a jọ pààlà: òun ló mọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti dáwọ́ ebè dúró tí bàbá tèmi sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìjà tó bá lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò lóko ti pa ìwé ààlà rẹ́.

Àlejò tó gba ilẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń pè é ní owó háyà, wọ́n ṣi í mú. Láyé àtijọ́ iṣu díẹ̀ ni, tàbí epo, tàbí àgbàdo, iye rẹ̀ sì lè kéré débi pé kò ní sọ onílẹ̀ di olówó. Ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ ń sọ ni pé: mo ṣì rántí pé ìwọ lo ni ín. Àlejò lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, nítorí àwọn wọ̀nyí yóò kúrò nílẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ, ọ̀pẹ tó sì bá nílẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀. Ìdí ni pé igi máa ń pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ. Bí àlejò bá gbin kòkó lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò máa kó o lẹ́yìn tí gbogbo ẹni tó gbọ́ àdéhùn ti kú, igi náà yóò sì ti di ẹ̀rí fún un.

Ilé búlọ́ọ̀kù ni kòkó ayé ìsinsìnyí. Oko etílé Ìlobùú àti ti Ifọ́n, tí wọ́n ti jẹ́ oko iṣu tẹ́lẹ̀, ti di pulọ́ọ̀tì níbi púpọ̀. Nígbà tó jẹ́ oko, bí ààlà bá ṣí díẹ̀, ebè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló lọ, àwọn àgbà á jókòó parí rẹ̀. Nígbà tó di pulọ́ọ̀tì, ibi tí ebè mẹ́rin wà ti di owó ńlá, ẹni tó rà á kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí méjèèjì. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún mélòó kan, tí igbó ti bò, ló tún burú jù, torí lójú ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀, ó dà bí ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín.

Ìtàn àwọn ìlú yìí kò sì fúyẹ́. Lẹ́yìn tí ogun Ìlọrin tú ọ̀pọ̀ ìlú ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Ọ̀yọ́-Ilé sì ṣubú, agbègbè yìí di ibi ìsádi. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, àwọn ìlú ìtòsí sì bọ́ sábẹ́ ààbò Ìbàdàn. Àwọn ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú àwọn àyàn tí ìlù wọn ti dún káàkiri ayé, wá láti Ẹ̀rìn-Ilé tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara báyìí. Ẹni tí ogun lé nílò ilẹ̀ kíákíá, ẹni tó bá a nílẹ̀ sì nílò ènìyàn kí ìlú rẹ̀ lè lágbára. Ta ló fún ta nílẹ̀? Ààfin kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, n kò sì ní jókòó sínú yàrá mi láti dájọ́ lé wọn lórí.

Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń ronú nípa òrìṣà àwọn ìlú méjèèjì, ó sì máa ń dùn mí. Ifọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, Ọbàtálá tó ti darúgbó. Ìlobùú ni a mọ̀ mọ́ Erinlẹ̀, ọdẹ tó wọlẹ̀ tó sì di odò. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé àwọn méjèèjì sọdá òkun. Ní Brazil, wọ́n ń pe ti Ifọ́n ní Oxalufã títí dòní, orúkọ ìlú náà wà lẹ́nu àwọn tí kò tíì rí ilẹ̀ Ọ̀ṣun rí. Ní Cuba, Erinlẹ̀ di Inle. Ilé ìsìn wà ní Bahia tí wọ́n ti ń bọ àwọn méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú méjèèjì ń bá ara wọn jà nílé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òfin, torí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù. Ààlà ìjọba ìbílẹ̀ kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ń sọ káńsù tó yẹ kó tún ọ̀nà ṣe àti ibi tí a ó ti dìbò. Ẹbí Ìlobùú lè ní oko nínú Òròlú, ẹbí Ifọ́n lè ní oko nínú Ìrẹ́pọ̀dùn, òfin kò gba oko náà lọ́wọ́ wọn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n abala 36 rẹ̀ jẹ́ kí ẹni tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro kí òfin tó dé máa bá a lọ. Nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ gbiná ní 1997, ọ̀rọ̀ olú iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ló tanná ràn án, nítorí àwọn ènìyàn gbà pé ibi tí káńsù bá wà ni ilẹ̀ ń lọ. Àṣìgbọ́ yẹn ti pa ènìyàn púpọ̀.

Nílé ẹjọ́ ńkọ́? Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìbílẹ̀, ìwé, ohun tí ẹni tó nilẹ̀ máa ń ṣe lórí rẹ̀, pípẹ́ lórí ilẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìtàn méjì bá sì kọlu ara wọn, ìlànà kan wà láti inú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie, ẹjọ́ Gold Coast tí wọ́n dá ní 1957: kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tó wà láàyè, kó fi mọ ìtàn tó ṣeé gbà gbọ́ jù. Ìlànà tó bọ́gbọ́n mu ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó ní ẹ̀yìn tí kò dára níbi tí ilẹ̀ bá há: ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ jàre pé kó lọ ṣe nǹkan lórí ilẹ̀ náà kíákíá, kó gbé bíkọ̀nì kalẹ̀, kó mọ ògiri. Ẹni tó ṣì ń fi ilẹ̀ rẹ̀ sinmi bí àgbẹ̀ gidi ló ń pàdánù.

Java tún wúlò fún wa níhìn-ín. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ Indonesia tó jáde ní 1997 ní kí ẹni tó ni ilẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ pààlà fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí òpó ààlà yóò wà, kí wọ́n ri í mọ́lẹ̀, kí sọ̀fíyọ̀ tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ní February 2023, ìjọba ibẹ̀ pe àwọn ará ìlú jáde láti ri òpó mílíọ̀nù kan káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Pèrègún tiwa ni wọ́n sọ di òpó. Ìjà ilẹ̀ kò tán ní Java nítorí rẹ̀, àwọn ẹjọ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ará ilé méjì ló ṣíwájú, ìwé ló tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá bi mí, ohun tí màá sọ fún ìgbìmọ̀ ààlà ìpínlẹ̀ ni pé kí ìlà orí máàpù dúró ná. Kí wọ́n mú àgbà láti agboolé kọ̀ọ̀kan tó ní oko níbẹ̀, ti Ìlobùú, ti Ifọ́n, ti Ẹ̀rìn, kí wọ́n rìn ín ní abà sí abà, kí wọ́n kọ orúkọ ẹbí, ti àlejò, àti ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ tó kú tán. Ó lè gba ọdún mélòó kan, ó sì lè má tẹ́ ọba kankan lọ́rùn. Ṣùgbọ́n n kò rí bí ìlà tí wọ́n fà láti Òṣogbo ṣe lè mọ abà tó jẹ́ ti ta.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ìjà náà bẹ́ sílẹ̀ ni àkókò tí àgbẹ̀ ń kọ ebè, tí ó ń gé èbù iṣu, tí ó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí òjò tó dé. Èbù kò mọ kónílé-ó-gbélé. Bí ó bá pẹ́ nílé, yóò hù, yóò sì gbẹ. Ẹni tí kò lè dé abà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, ọdún kan gbáko ló pàdánù.