Abáyọ̀mí Dé Ilé Wa

Bí ẹ bá dé ilé tí àwa mẹ́ta ń gbé, tí ẹ sì rí ọmọláńgidi dúdú kan tí kò lójú, tí kò nímú, lórí pákó tí à ń to ìwé sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sá. Kì í ṣe oògùn. Ẹ̀bùn ni.

Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ni ó mú un wá. A ti bá a kó ẹrù nínú òjò ní ọjọ́ tí ó ń kó kúrò nílé, a sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Àfi bí ó ṣe kanlẹ̀kùn ní Sátidé kan, tí àmàlà wà lórí iná, tí ó na nǹkan kékeré kan tí a wé sínú bébà sí wa. Kọfí ni a pè é. Nígbà tí a tú u, ọmọláńgidi ni. Kò gùn ju ìka àárín lọ. Àkísà aṣọ dúdú ni ara rẹ̀, ó ró aṣọ aláràbarà, ó sì wé gèlè. Wọn kò fi abẹ́rẹ́ kàn án, wọn kò sì fi àtè lẹ̀ ẹ́. Kókó ni wọ́n ń ta títí ó fi di ènìyàn.

Èyí tí ó dàgbà jù nínú wa kò fọwọ́ kàn án. "Ta ni ó rán ọmọ yìí sí wa?" ni ó fi Yorùbá bi wá, bí ó ti ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

Ọ̀rẹ́ wa ní, "Abayomi ni orúkọ rẹ̀. Èdè yín mà ni!" Ó wá sọ ìtàn tí ó kọ́ ní kékeré fún wa: pé nínú ọkọ̀ ẹrú, àwọn ìyá a máa fa aṣọ ara wọn ya, wọn a sì ta á ní kókó kí àwọn ọmọ wọn lè ní ohun ìṣeré. Ó ní ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Yorùbá ni "ìpàdé iyebíye": "abay" ni ìpàdé, "omi" ni iyebíye. Omijé lé sí i lójú bí ó ti ń sọ ọ́.

Àwa wo ara wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, omi tí à ń mu ni omi.

Kí ni kí a ṣe? Ẹni tí ó fún wa lẹ́bùn, ṣé ẹ̀kọ́ èdè ni a ó fi san án fún un? Ọ̀kan nínú wa ní kí a jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì ní nítorí Yorùbá tí a jẹ́ ni ó ṣe gbé e wá fún wa. Bí a bá dákẹ́, a ti rẹ́ ẹ jẹ. Àmàlà tutù lórí ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn tí ó lọ ni a wádìí. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Lena Martins, ọmọ São Luís ní Maranhão, ni ó dá ọmọláńgidi yìí sílẹ̀ ní Rio de Janeiro ní ọdún 1987. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀, ní 1888. Ìtàn inú ọkọ̀ kàn wá lẹ̀ mọ́ ọn lára ni. Àti pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí ìhòòhò. Aṣọ wo ni ìyá fẹ́ fà ya?

Ohun tí ó dùn wá jù nìyí: a kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìyá inú ọkọ̀ náà. Obìnrin kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ ni ìtàn yìí tún wá gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a sọ fún un. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Irọ́ ni èmi náà ti ń sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?" Ó sì gbé báàgì rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó, kí ó gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń sọ ní ilé wa. Ẹ̀yin náà mọ àdúrà ìyá yín: kí ọ̀tá má yọ̀ mí. Abáyọ̀mí ni à ń sọ ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ rí ìjàm̀bá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ: ọ̀tá ìbá yọ̀ mí, Ọlọ́run ni kò jẹ́.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní kí a tún un pè. Ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Ó ní ìyá òun kò ní fẹ́ràn ọ̀rọ̀ 1987 yìí rárá, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, òun yóò gbé e dé Bàhíà.

Ó ti padà wá jẹun lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ó sì ń kọ́ wa bí a ti ń ta kókó náà. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ọmọláńgidi lọ́jọ́ kìíní ti gé ìbọ̀sẹ̀ dúdú rẹ̀ méjèèjì. Tirẹ̀ ti lẹ́sẹ̀, ó ti lọ́wọ́. Orí nìkan ni ó ṣì ń tú.